Ọlọ́wọ́ Òsì

Róbà tí àwọn tó ń rán bàtà ní Ayétòrò fi ń ṣe àtẹ́lẹ̀,
ẹgbẹ̀rin náírà ni mo rà á, ó sì le bí orí ọmọ aláìgbọràn.
Irin agboòrùn tó ti ya ni mo sọ di ọ̀bẹ,
mo lọ̀ ọ́ lórí sìmẹ́ńtì títí ó fi ń gé irun apá.
Bí gáà yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé sí mi lọ́wọ́ nìyẹn,
gáà ẹ̀yìn Pókà, níbi tí ilẹ̀ ti ń rọ̀ lọ sọ́nà ọ̀sà.

Lékeléke ni mo kọ́kọ́ gbẹ́.
Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yìí á rò pé à ń kun funfun.
Rárá o. Ohun tí ọ̀bẹ bá kó kúrò ni funfun,
ohun tí a bá fi sílẹ̀ ló ń gba dúdú.
Ẹyẹ mẹ́tàlá tẹ̀ lé màlúù mẹ́sàn-án:
ihò mẹ́tàlá ni mo dá sí róbà lára.

Mo gbẹ́ Dẹ́mbò bó ṣe máa ń dúró,
ọwọ́ ọ̀tún di ọ̀pá mú, ẹsẹ̀ kan gun orúnkún ẹ̀kejì,
bí ẹni pé ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́ ò tíì dá a lójú tó
láti fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ ẹ́.
Rédíò kékeré ń sọ èdè wọn láyà rẹ̀.
(Rédíò yẹn yọ mí lẹ́nu. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbẹ́ ẹ,
ẹ̀ẹ̀mejì ló jọ búrẹ́dì.)

Mo gbẹ́ Kúmbò, ó tẹ̀ ba lábẹ́ abo màlúù,
igbá láàárín orúnkún, ìka ń fa ọmú;
ọmọkùnrin rẹ̀ fi okùn fa ọmọ màlúù sẹ́yìn,
àwọn méjèèjì ń sunkún, ọmọ ènìyàn àti ọmọ ẹran.
Mo gbẹ́ àgọ́, igi títẹ̀ àti koríko,
tapólì búlúù kan lórí rẹ̀. N ò ní búlúù. Mo fi dúdú ṣe é.
N ò gbẹ́ ọ̀sà. Róbà ò gbà á.
Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni gbogbo ẹran kọjú sí.

Mo yí tàdáwà lórí díńgí,
ó ń dún ṣá-ṣá-ṣá bí ẹni ń la koríko onírì kọjá.
Mo tẹ́ bébà, mo fi ẹ̀yìn ṣíbí ra á, ra á, títí apá fi ń ro mí,
mo wá rọra ṣí i láti igun kan,
bí a ṣe ń ṣí aṣọ lójú ọmọ tó ń sùn.

Mo gbé e lọ sí gáà.
Kúmbò wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín:
"Ọkọ mi kọ́ nìyí. Ọkọ mi kì í ṣe ọlọ́wọ́ òsì."
Dẹ́mbò ò rẹ́rìn-ín. Ó gba bébà, ó wo àwọn màlúù,
ó wo ibi tí imú wọn kọ sí.
"Wọ́n ń padà lọ sílé," ó ní.
Ó dákẹ́. "Ta ló sọ fún ọ?"

Mi ò lè sọ pé bébà ló ń yí nǹkan padà,
pé ọ̀tún róbà ni òsì ìwé,
pé mo gbàgbé ni, bí ọmọṣẹ́ àná.
Mo ní, "Kò sẹ́ni tó sọ fún mi."

Lẹ́yìn òjò kejì, mo padà débẹ̀.
Eérú. Bàtà róbà ẹsẹ̀ kan. Bọ́tọ́ tó ti ń hu olú.
Mo ka ihò òpó àgọ́, mọ́kànlá,
mo sì dúró láàárín wọn pẹ́,
nítorí mo mọ ohun tí ihò ń dà lórí bébà.

Mọ́kàndínlógún ni mo ti tẹ̀ báyìí.
Ìgbà mọ́kàndínlógún ni wọ́n ti kẹ́rù lọ.
Róbà náà wà lójú fèrèsé mi, tàdáwà ti gbẹ mọ́ ọn;
nínú tirẹ̀, wọ́n ṣì kọjú sí ọ̀sà.
Obìnrin kan tó ra ọ̀kan ní Òkè Òyìnbó bi mí lánàá
pé kí ló dé tí darandaran yìí gbé búrẹ́dì sáyà.